Ẹsẹ̀ Bàbá Láńlọ́ọ̀dù àti Iṣan Àbọ̀

Lásìkò tí owó epo rọ̀bì gòkè ní ilẹ̀ wa, tí ọkọ̀ típà tó ru sìmẹ́ǹtì ń fi eruku bo gbogbo ojú ọ̀nà Ìkòtún, ni wọ́n gbé mi wá ṣe tíṣà ní ilé ẹ̀kọ́ girama tuntun kan ní apá Ẹ̀gbẹ́dá. Ẹ̀kọ́ nípa ara ènìyàn, ẹranko àti ewéko ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí, Èkìtì ni mo ti wá, n kò sì mọ ẹnikẹ́ni ní Èkó ju ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan lọ, tó ń gbé ní Mushin. Ilé ẹ̀kọ́ náà kò tíì ní òrùlé tán, ṣùgbọ́n wọ́n ti kó àpótí irinṣẹ́ dé láti òkè òkun. A ní máíkírósíkópù mẹ́rìnlá, a kò sì ní tábìlì kan tí a ó gbé wọn lé. Abẹ́ ibùsùn ọ̀gá àgbà ni wọ́n wà.

Mo gba yàrá kan ní Ìkòtún, nínú ilé oníyàrá mẹ́jọ tí ilẹ̀kùn kọjú sí ilẹ̀kùn. Ọmọ onílẹ̀ ni ẹni tó ni ilé, gbogbo wa sì ń pè é ní Bàbá Láńlọ́ọ̀dù. Àgbẹ̀ ni tẹ́lẹ̀. Oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ló di ilé tí à ń gbé. Ó ga, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun kan tí mo tètè mọ̀ nípa rẹ̀ ni pé kì í yára gba nǹkan gbọ́, ṣùgbọ́n bó bá ti gbà á, ohun náà ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó sọ ọ́ fún un nìyẹn.

Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀, iṣan ti wú lábẹ́ awọ, ó lọ́ síhìn-ín lọ́ sọ́hùn-ún bí ekòló tó sọnù lẹ́yìn òjò, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí aró. Lókè ọrùn ẹsẹ̀ náà ni egbò kan wà tó tó awẹ́ obì, tó kọ̀ tí kò jiná fún ọdún méjì. Bàbá ti fi ewé sí i, ó ti fi òróró sí i, ó ti fi oògùn oníyẹ̀ẹ̀fùn sí i. Ojoojúmọ́ ni ó ń jókòó sórí àga ní fàráńdà, tí ẹsẹ̀ náà ń fì sílẹ̀, tí ó ń wò ó.

Ó ti wo ìdí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, ó sì ti rí ẹni tó jẹ̀bi. Ìyàwó rẹ̀, tí à ń pè ní Ìyá, ọmọ Abẹ́òkúta ni, àdìrẹ ló ń tà. Bàbá ní aró inú àdìrẹ náà ti gba atẹ́lẹsẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀ òun láti ọdún pípẹ́ tí àwọn ti jọ ń gbé yàrá kan náà. Àwọ̀ iṣan rẹ̀ ni ẹ̀rí. Nítorí náà, ó ní kí Ìyá kó gbogbo àdìrẹ jáde. Ìyá kò bá a jiyàn. Ó kó ìdì aṣọ mẹ́tàlélógún wá sí yàrá mi, nítorí èmi nìkan ló ń dá gbé yàrá, ó sì tò wọ́n láti ilẹ̀ títí wọ́n fi bo fèrèsé.

Oṣù mẹ́ta ni mo fi sùn nínú òórùn aró láìrí afẹ́fẹ́. Kí n má parọ́, kì í ṣe àánú Bàbá nìkan ló mú mi lanu. Mo fẹ́ rí fèrèsé mi.

Àárọ̀ Sátidé kan ni. Mo kúnlẹ̀ kí i ní fàráńdà.

“Ẹ kú àárọ̀, sà. Ẹsẹ̀ ńkọ́?”

“Ó wà níbẹ̀.”

“Bàbá, kì í ṣe aró ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni, ẹ̀jẹ̀ pupa bíi ti gbogbo ayé. Awọ tó bò ó mọ́lẹ̀ ló ń jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ lójú wa.”

Ó yí ojú sí mi. “O ti wo inú rẹ̀?”

“Rárá, sà.”

“Nígbà náà, èmi àti ìwọ ò mọ̀.”

Ṣùgbọ́n kò lé mi. Mo wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ bí mo ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ ní kíláàsì. Mo sọ fún un pé ọkàn ló ń ti ẹ̀jẹ̀ kiri ara, àti pé oríṣi iṣan mẹ́ta ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà. Bí mo ti sọ ọ́ báyìí, Èkìtì ẹnu mi yọ jáde, mo pè é ní “uṣan.” Bàbá rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí mo ti dé ilé rẹ̀.

“Uṣan,” ó wí. “Máa bọ̀.”

Mo ní àkọ́kọ́ ni iṣan àlọ, tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde láti inú ọkàn. Ara rẹ̀ nípọn, ó sì yi, nítorí gbogbo ìgbà tí ọkàn bá sọ ni ẹ̀jẹ̀ ń fi agbára lu ògiri rẹ̀. Mo mú ọwọ́ Bàbá, mo gbé ìka rẹ̀ lé ọrùn ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ kó lè gbọ́ ọ. Mo ní iṣan àlọ yìí ń yà, ó ń tún yà, bí ẹ̀ka igi, títí yóò fi di wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tí kò tó irun orí. Inú àwọn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ yìí ni ẹ̀jẹ̀ ti ń já oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú sílẹ̀ fún ara, ibẹ̀ náà ló ti ń kó ìdọ̀tí. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò tún para pọ̀, wọn yóò di iṣan àbọ̀, tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn. Ara iṣan àbọ̀ fẹ́lẹ́. Ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ kò ní agbára mọ́, bí ẹni tó ti ọjà bọ̀.

“Ti ẹsẹ̀ ló wá le jù, sà,” mo ní, “torí òkè ni ẹ̀jẹ̀ ń gùn. Ìdí nìyẹn tí àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké fi wà nínú iṣan àbọ̀ ẹsẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń gòkè, wọn á ṣí. Bó bá fẹ́ padà sílẹ̀, wọn á tì. Bí àwọn ilẹ̀kùn náà bá bàjẹ́, ẹ̀jẹ̀ á kó jọ sísàlẹ̀, iṣan á wú, á lọ́. Awọ ibẹ̀ ò ní rí oúnjẹ jẹ dáadáa mọ́, egbò ò sì ní jiná.”

Bàbá fọwọ́ kan iṣan tó wú náà. “Ta ló ń tì í gòkè?”

“Ẹran ẹ̀yìn ojúgun yín ni, sà. Bí ẹ bá ń rìn, ó ń fún iṣan náà bí ẹni fún kànrìnkàn.”

“Ọdún méjì ni mo ti jókòó.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Bàbá ní, “Mú un wá kí n rí i.”

“Kí ni, sà?”

“Ọkàn.”

Báyìí ni mo ṣe lọ sí ọjà Ìkòtún lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo lọ bá alápatà pé mo fẹ́ ọkàn màlúù kan, odidi, kó má sì gé àwọn òpó orí rẹ̀, ìyẹn àwọn iṣan ńlá, kúrò. Ó ní oníbàárà kì í ra òpó. Mo ní òpó náà gan-an ni mo wá rà. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

“Àǹtí, ṣé ẹ fẹ́ fi sebẹ̀ ni, àbí ẹ fẹ́ lọ tún un fi sínú màlúù mìíràn?”

Mo ní Bàbá Láńlọ́ọ̀dù mi ló fẹ́ wò ó. Ó yọ ọ́ fún mi láìtún bi mí ní nǹkan kan, ó sì fi ewé bò ó bí ẹni bo ohun ìtìjú.

Orí fàráńdà ni mo ti là á, nínú àwo fífẹ̀. Ìyá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ gbera. Ibẹ̀ ni ayálégbé tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi ti ibi iṣẹ́ dé bá wa. Pọ́lọ́mbà ni à ń pè é, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọkùnrin kúkúrú kan tó sún mọ́ ogójì ọdún. Ilé ńláńlá tí wọ́n ń kọ́ ní Ìkẹjà ló ti ń fa páìpù omi, tó ń de ẹnu ẹ̀rọ mọ́ balùwẹ̀ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Bó bá dé Ìkòtún, òun náà á fi okùn fa omi kànga bíi tiwa. Ó tẹjú mọ́ ọkàn náà, ó bọ́ bàtà, ó kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àwo.

“Kí lèyí?”

Mo fi iṣan àlọ ńlá tó ti orí ọkàn jáde hàn án, bó ṣe dúró, tí ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ gbagada bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀ mọ́. Mo fi iṣan àbọ̀ hàn án, bó ṣe rọ̀ tó pa lé ara rẹ̀ bí àpò tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Pọ́lọ́mbà ti àtàǹpàkò bọ inú iṣan àlọ.

“Ínṣì kan lé díẹ̀,” ó wí. Ó yí àtàǹpàkò náà po. “Ta ló ṣe iṣẹ́ yìí?”

“Ọlọ́run ni,” Bàbá dá a lóhùn.

“Iṣẹ́ gidi ni. Kò sí ojú ibi tó ti dè é.”

Mo ní kí Ìyá jọ̀wọ́ bá mi bu omi wá. Mo da omi náà láti òkè sínú iṣan àlọ. Àwọn ìbòrí mẹ́ta tó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, níbi tó ti kan ọkàn, ṣí jáde bí apá adìyẹ, wọ́n pàdé ara wọn, omi náà sì dúró, kò kán sílẹ̀. Mo ní irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ ló wà nínú iṣan àbọ̀ ẹsẹ̀, ó kàn kéré sí i ni.

Pọ́lọ́mbà dìde, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ. Ohun kan tí wọ́n fi idẹ ṣe, tó tóbi tó ìkúùkù ọmọdé, ló mú padà wá. “Ṣẹ́ẹ̀kì fáàfù,” ó wí. “Ohun tí ẹ ń sọ látàárọ̀ nìyí, Tíṣà. A máa ń fi í sí ìdí páìpù tó ń gun òkè, kí omi má bàa padà.” Ó nà án sí Bàbá. “Bàbá, ẹ fẹnu fọn ọ́n láti ibí.”

Bàbá fọn ọ́n, atẹ́gùn jáde lódì kejì. Pọ́lọ́mbà yí i padà. Bàbá fọn ọ́n títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi yọ bí ọsàn, kò sí ohun tó jáde. Ó yọ ọ́ kúrò lẹ́nu, ó wo inú rẹ̀, ó sì wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Tèmi ti bàjẹ́,” ó wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìgbà tí ẹnìkan túfọ̀ fún un.

Kò dá ohun náà padà fún Pọ́lọ́mbà mọ́. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, kò sí ẹni tó wá kí i tí kò fọn ọ́n. Àlùfáà mọ́sáláṣí fọn ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá nìkan ló kọ̀, ó ní òun ò ní fi ẹnu kan ohun tí ẹnu gbogbo àdúgbò ti kàn. Òun ló se ọkàn màlúù náà, ọbẹ̀ náà sì dùn, ṣùgbọ́n Bàbá kò fọwọ́ kàn án. Ó ní òun ti mọ̀ ọ́n jù.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, èmi àti Pọ́lọ́mbà mú un lọ sí ọsibítù. Ó kọ́kọ́ fi iṣan hàn dókítà, ó ní, “Ilẹ̀kùn inú rẹ̀ ló bàjẹ́.” Dókítà wò ó, ó wo èmi náà, ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Wọ́n fọ egbò náà, wọ́n fi báńdéèjì wé ẹsẹ̀ láti ìka dé orúnkún. Dókítà ní kí Bàbá máa rìn láràárọ̀, bó bá sì jókòó, kó gbé ẹsẹ̀ náà ga ju àyà rẹ̀ lọ, kí ẹ̀jẹ̀ lè ráyè ṣàn padà.

“Títí di ìgbà wo?” Bàbá bi í.

“Títí yóò fi jiná,” dókítà wí, ó sì pe ẹni tó kàn.

Ká ní dókítà mọ Bàbá ni, ìbá ti ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Bàbá dé ilé, ó ní kí Ìyá kó àdìrẹ kúrò nínú yàrá Tíṣà, òun ti dárí jì í. Mo rí fèrèsé mi. Bàbá mú ìdì mẹ́ta nínú aṣọ náà, ó fi tẹ́ ìdí, ó tẹ́ ẹní sí fàráńdà, ó fẹ̀yìn lélẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì ti ògiri. Àfi bó bá fẹ́ kírun, bó bá fẹ́ jẹun, tàbí bó bá fẹ́ rìn lọ sí ọ̀nà Ìjẹ̀gún kó sì padà láràárọ̀ ni ó ń dìde. Gbogbo ìyókù ọjọ́, ògiri ló gbé ẹsẹ̀ lé.

Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rò tẹ́lẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìkíni. Ọmọdé kì í dúró lé àgbà lórí sọ̀rọ̀. Bí mo bá kúnlẹ̀, mo ṣì ga jù ú lọ. Pọ́lọ́mbà dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ ní apá ibi tí orí Bàbá wà, ó sì gbé ojú sókè láti sọ ohun tó gbé e wá. Bàbá yí ojú sí i láti ilẹ̀. Wọ́n wo ara wọn fún ìgbà díẹ̀.

“N ò lè bá ẹ sọ̀rọ̀,” Bàbá wí. “Ibi tí iwájú orí ẹ yẹ kó wà, àgbọ̀n ni mò ń rí níbẹ̀. Wá sùn síbí.”

Pọ́lọ́mbà sùn tì í, ó gbé ẹsẹ̀ sí ògiri, ọ̀rọ̀ wọn sì yé ara wọn. Láti ọjọ́ náà ló ti di òfin ilé. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ pẹ̀lú Bàbá, kó sùn, kó gbé ẹsẹ̀ sókè.

Ti àwa obìnrin kò rọrùn. Ìyá kọ́kọ́ fi okùn kànga so etí ìró rẹ̀ mọ́ ọrùn ẹsẹ̀. Nígbà tó yá, ó ránṣẹ́ pè mí sí yàrá, ó ní kí n yá òun ní ọ̀kan nínú ṣòkòtò ẹlẹ́nu gbàgàdà mi, irú èyí tí àwọn ọmọ Èkó ń pè ní “Kíìpù Légọ́ọ̀sì Kílíìnì,” ìyẹn ni pé kí Èkó mọ́ tónítóní, nítorí pé ẹnu rẹ̀ a máa gbá títì. Bàbá kan náà tó ti sọ pé obìnrin kò gbọ́dọ̀ wọ ṣòkòtò kọjá ojú òun ló rí ìyàwó rẹ̀ nínú rẹ̀, tó ní, “Èyí dára. Ó bo ẹsẹ̀.”

Ìpàdé ayálégbé, tí à ń ṣe ní ìparí oṣù lórí ọ̀rọ̀ gbígbá àyíká àti okùn kànga, di ohun tí ènìyàn mẹ́sàn-án ń ṣe lórí ilẹ̀, ẹsẹ̀ méjìdínlógún lórí ògiri. Ṣáájú ìgbà náà, kò sí ìpàdé tí wọn kì í ti na ìka sí ara wọn lójú. Ó ṣòro láti na ìka sí ẹni tí ẹ jọ sùn tira. Àjà ni gbogbo wa ń wò. Ẹni tó ní kí wọ́n ra okùn tuntun sọ ọ́ fún àjà, ẹni tí kò fẹ́ náà sì fi pẹ̀lẹ́ dá àjà lóhùn.

Èmi gan-an bẹ̀rẹ̀ sí í sùn síbẹ̀ bí n kò tilẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kankan. Mo ń ti ilé ẹ̀kọ́ dé lọ́sàn-án, ẹsẹ̀ á ti máa ro mí nítorí ìdúró. Mo ń kó ìwé àwọn ọmọ wá, mo ń fi pẹ́ńsùlù máàkì wọn, nítorí báírò kì í kọ bí a bá dorí rẹ̀ sókè. Lọ́jọ́ kan, Bàbá bi mí pé ta ló kọ́ mi ní gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa iṣan, ṣé ìwé nìkan ni. N kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni ní Èkó. Mo sọ fún un pé bàbá mi ń mu ẹ̀kọ lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní orí ń fọ́ òun, ó sì ṣubú. Mo wà ní kíláàsì kẹta nígbà náà. Wọ́n ní iṣan kan ló bẹ́ nínú orí rẹ̀. Mo fẹ́ mọ irú nǹkan tí iṣan jẹ́, tó fi lè mú ènìyàn lọ láìjẹ́ pé ó parí ẹ̀kọ inú abọ́.

Bàbá yí ojú sí mi. “Àlọ ni àbí àbọ̀?” ó bi mí.

“Àlọ ni, sà.”

“Ó ga,” ó wí. Ó wá sọ fún Pọ́lọ́mbà tó sùn ní ẹ̀gbẹ́ kejì pé, “Sún sọ́hùn-ún, jẹ́ kí Tíṣà ráyè dáadáa.” Pọ́lọ́mbà sún. N kò nílò àyè kankan, ṣùgbọ́n mo gbà á.

Ìgbà ọyẹ́ ni Ẹnjiníà dé. Ìjọba ti gbé iṣẹ́ fún kọntirakítọ̀ kan pé kí ó fa omi ẹ̀rọ wọ àdúgbò wa, ilẹ̀ Bàbá sì ni páìpù ńlá náà yóò gbà kọjá, bó bá tẹ̀ka sí ìwé pé òun gbà. Ọ̀dọ́kùnrin ni Ẹnjiníà yìí, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé, ó wọ safárì, ó wọ bàtà gogoro tí gìgísẹ̀ rẹ̀ tó ìdajì bíríkì. Àwọn méjì tó ń bá a wọn ilẹ̀ tẹ̀lé e. Wọ́n bá wa ní fàráńdà: Bàbá, Pọ́lọ́mbà, Ìyá nínú ṣòkòtò mi, àti èmi, gbogbo wa ní ìlà.

Ó kọ́kọ́ padà sẹ́yìn ìgbésẹ̀ kan. “Ẹ káàsán, sà. Ṣé ara yín ò yá ni?”

“Ó ń yá bọ̀,” Bàbá wí. “Sùn.”

“Sà?”

“Sùn, ká lè sọ̀rọ̀.”

Ó wò mí bóyá èmi tó mú ìwé lọ́wọ́ yóò gbà á sílẹ̀. Mo ní, “Ẹ sùn, Ẹnjiníà. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é níbí.” Ó bọ́ bàtà rẹ̀, torí Bàbá ní kò ní fi èyí tẹ ògiri òun, ó sì sùn sí àárín èmi àti Ìyá. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò jábọ́ láti àpò rẹ̀ sí i lójú. Nígbà tó rọra balẹ̀, ó tú ìwé àwòrán iṣẹ́ rẹ̀, ó nà án sókè lójú gbogbo wa bí àjà kejì.

“Èyí pupa yìí ni àlọ?” Bàbá bèèrè.

“Àlọ kẹ̀, sà?”

“Páìpù tó ń gbé omi bọ̀.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ńlá kan láti ojú títì, ó yà sí méjì níbí, ó wá ń ya kéékèèké wọ ilé kọ̀ọ̀kan.”

“Ó dára. Ó jọra. Àbọ̀ dà?”

Ẹnjiníà wo àwòrán náà bí ẹni pé ó lè rí i níbẹ̀. “Omi kì í padà, Bàbá.”

“Omi tí a fi wẹ̀, tí a fi fọṣọ, tí a fi fọ abọ́. Níbo ló ń gbà?”

“Ìyẹn ò sí nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún wa, sà.”

“Ìwọ alára, o ní ọkàn?”

“Mo ní i, sà.”

“Bó bá jẹ́ pé àlọ nìkan ló ní, tí kò sí àbọ̀, báwo lo ṣe máa rí báyìí?”

Ẹnjiníà rò ó. Mo gbọ́ tó ń rò ó. “Bóyá màá wú,” ó wí.

“Wàá wú. Àdúgbò yìí náà á wú.” Bàbá tọ́ka sí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wà nínú báńdéèjì. “Wo èyí. Àlọ rẹ̀ ò ní àrùn kankan. Àbọ̀ ló bàjẹ́, mo sì fi ọdún méjì jókòó. Ẹ kọ́kọ́ gbẹ́ gọ́tà, láti ìdí ilé yìí dé odò. Bẹ́ ẹ bá gbẹ́ ẹ tán, màá tẹ̀ka sí ìwé yín.”

“Ṣẹ́ẹ̀kì fáàfù ńkọ́?” Pọ́lọ́mbà bèèrè láti ìkángun.

“Ó wà,” Ẹnjiníà wí.

“Níbo?”

Àwọn méjèèjì wá a lórí àwòrán títí, wọn kò rí i. Bàbá yọ ti idẹ jáde lápò, ó nà án kọjá lórí àyà mi, ó ní kí Ẹnjiníà fọn ọ́n. Ó fọn ọ́n. Lẹ́yìn ìgbà náà ni kò sọ̀rọ̀ mọ́, àwòrán náà sì rọra sọ̀ kalẹ̀ bò ó lójú. A rò pé ó ń ro ọ̀rọ̀ gọ́tà. Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun ni a mọ̀ pé ó ti sùn lọ. Àwọn méjì tó bá a wá dúró lóòrùn fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n wo ara wọn, wọ́n sì wá sùn sí ìkángun ẹní. Nígbà tí Ẹnjiníà jí, ó tọrọ àforíjì, ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ra bàtà náà, ẹsẹ̀ òun kò fúyẹ́ báyìí rí. Ó gbé e sọ́wọ́, ó sì wọ mọ́tò láìwọ bàtà.

N kò mọ ohun tó lọ sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kí ọyẹ́ tó kásẹ̀ nílẹ̀, katapílà dé. Nígbà náà, kò sí ohun tí wọn kò lè dédé ṣe, bí ẹnìkan bá ṣáà ti fọwọ́ sí i. Wọ́n gbẹ́ gọ́tà láti ìdí ilé wa dé odò, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, ó dán bí abọ́. Bàbá tẹ̀ka sí ìwé. Wọ́n kó páìpù dé, wọ́n tò ó jọ gègèrè sí ìkóríta. Ọdún mẹ́rin ni mo fi gbé ilé náà lẹ́yìn ìgbà yẹn, n kò rí ẹni tó wá bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn ewúrẹ́ ń bímọ sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà òjò, tí omi a ti máa wọ ọ̀nà àárín yàrá dé ọrùn ẹsẹ̀ tẹ́lẹ̀, ilẹ̀ wa gbẹ táútáú. Bí ẹnìkan bá fi ọ̀rọ̀ omi ẹ̀rọ dá Bàbá lágara, Bàbá á ní, “Àbọ̀ ló ṣòro. Àlọ á wá.”

Egbò náà jiná kí iṣu tuntun tó jáde. Awọ tó bò ó dúdú ju ìyókù lọ, ó sì ń dán. Bàbá ká ẹní rẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé àga padà sí fàráńdà, ìpàdé oṣù náà sì jẹ́ èyí tí a jókòó ṣe. Kò tíì tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ẹnìkan fi na ìka sí ẹnìkejì lójú.

Ó ku ohun kan tí n kò lè fi sílẹ̀ láìsọ. Bàbá sọ fún gbogbo Ìkòtún pé Tíṣà òun mọ iṣan. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Ẹni tí eyín ń dùn wá, ẹni tí ẹ̀yìn ń ro wá, mo sì ń sọ fún kálukú pé kó lọ sí ọsibítù, tíṣà ni mí. Lọ́sàn-án Sátidé kan, ọkùnrin kan fọwọ́ ti alùpùpù rẹ̀ wá láti Ìgàndó, ó ti làágùn, ó ní wọ́n ní kí òun béèrè obìnrin tó ń wo iṣan. Mo ní kí ni ó ń ṣe é. Ó ní kò sí ohun tó ń ṣe òun. Ó tọ́ka sí alùpùpù náà, ó ní epo kún inú táǹkì, ṣùgbọ́n kì í dé ibi tó yẹ kó dé, ó sì ń kú lójú ọ̀nà.

Mo ní kó lọ bá mẹkáníìkì. Ó ní òun ti bá mẹ́ta. Ó rẹ̀ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè lé e. Mo pe Pọ́lọ́mbà, àwa méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ mọ́ alùpùpù náà. Rọ́bà tó gbé epo jáde láti táǹkì ni mo tọ̀ láti òkè wá, bí mo ṣe máa ń tọ iṣan lórí àwòrán ní kíláàsì. Níbi tó ti gba abẹ́ ìjókòó kọjá, irin kan ti tẹ̀ ẹ́ pa. Pọ́lọ́mbà fi ọ̀bẹ gé ibẹ̀ kúrò, ó sì fi ìwọ̀nba rọ́bà mìíràn láti inú àpótí rẹ̀ dè é. Ọkùnrin náà fẹsẹ̀ tẹ alùpùpù náà lẹ́ẹ̀kan, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ké. Ó kúnlẹ̀ fún mi lójú títì, ọkùnrin tó tó bàbá mi, ó gun alùpùpù rẹ̀, ó sì kọrí sí Ìgàndó.